Alága Tí Ehoro Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìgbéraga ṣe lè ga tó, ẹ má wulẹ̀ wo àwọn òkè Dassa. Òkè mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ibi tí Ọlọ́run gbé e kalẹ̀ sí ló jókòó sí, kì í ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni pé kó wá kí òun. Alága Gédéon ni kẹ́ ẹ wò.

Ọkùnrin yìí ti du ipò olórí kọ́múnù, ó fìdí rẹmi. Ó du ti olórí àdúgbò, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ gan-an ò dìbò fún un. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun máa darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní rárá, torí ohùn ẹ̀ máa ń dé kí orin tó dé. Ibi tó ti ń wá oyè kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù ni òfin tuntun kan ti Cotonou dé. Òfin náà ní ilé àyẹ̀wò yòówù tó bá ń dán oògùn wò lára ẹranko gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tí á máa bójú tó wọn: kí ebi má pa wọ́n, kí wọ́n má jìyà lásán, kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ wa, lójú ọ̀nà Gbaffo, lẹ́sẹ̀ òkè níbẹ̀. Àwọn ará kọ́múnù wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ta ló fẹ́ lọ jókòó ti ehoro?

Ẹnì kan ní, "Gédéon ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọ́n rò pé àwọn ti rí ibi jù ú sí. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tí ebi oyè ń pa, tó bá rí egungun oyè, á jẹ ẹ́ bí ẹran ni.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Gédéon ti rán fìlà aláwọ̀ wúrà. Ó ti ra àga onítìmùtìmù tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á máa gbé tẹ̀ lé e. Ó ti gba Séraphin, ọmọkùnrin kan tó ti ń wáṣẹ́ tipẹ́, ṣe akọ̀wé. Iṣẹ́ Séraphin ò ju ẹyọ kan lọ: bí Alága bá ti sọ̀rọ̀ tán, kó sọ pé, "Pẹ̀lúpẹ̀lù!" Nígbà míì, Alága á kàn sín ni, Séraphin á ní, "Pẹ̀lúpẹ̀lù!"

Ó wá ku ẹni tí á máa ṣíwájú. Ibẹ̀ ni Sùlè ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé.

Sùlè ń fi alùpùpù gbérò ní Dassa, iṣẹ́ zémìjàn tí gbogbo wa mọ̀. Kò kàwé kọjá ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ara ẹni, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ máa ń gbọ́ iye tí nǹkan jẹ́ lẹ́nu oníbàárà kí oníbàárà fúnra ẹ̀ tó mọ̀. Ó ti tú fèrè ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dànù sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì so ó mọ́ alùpùpù ẹ̀. Tó bá fun ún, adìẹ á sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Alága bá a lóríta. "Ìwọ, fèrè ẹ yìí, ti alùpùpù ni?"

"Ti ọkọ̀ akẹ́rù ni, Ọ̀gá. Alùpùpù ló kéré, fèrè ò kéré."

"Ó bá mi mu. Máa ṣíwájú mi, máa fun ún, kó o sì máa pe orúkọ mi."

Sùlè wo fìlà wúrà náà, ó wo sítáàṣì tó mú agbádá dúró gbọingbọin bí pákó. Ó ní, "Orúkọ lásán, àbí orúkọ tó wọṣọ?"

"Kí ni ìyàtọ̀?"

"Ọ̀gá mi, orúkọ lásán, epo kpayo ìgò kan, bẹntiróò ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, lójúmọ́ ti tó o. Tí mo bá ní láti máa pè yín ní Ọlọ́lá, ọ̀nà ọ̀fun máa ń gbẹ, oúnjẹ ọ̀sán gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Baba Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́rin, Òkè Tí Ń Rìn, ẹran gbọ́dọ̀ wà nínú oúnjẹ yẹn."

"Èwo ló ga jù?"

"Èyí tó ga jù? Áà. A ò tíì rí ẹni tó lè gbé e ní Dassa."

"Mo mú un!"

Kò béèrè ohun tó jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń nájà, ẹ dákun, ẹni tó bá ra nǹkan kó tó béèrè ohun tó rà, ẹ má ṣe é níkà. Ẹ kàn máa wọ̀n ọ́n fún un díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ojúkòkòrò lásán ló gbé Sùlè dé ilé àyẹ̀wò yẹn. Ìyá rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ìyá Àṣàkẹ́ ń ta gààrí ní Paouignan, lẹ́bàá títì ńlá. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá rí mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ta á: bọ́ọ̀sì á dúró, gbogbo obìnrin á gbé igbá sórí, eré á di eré, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ojú fèrèsé ló tà. Àṣàkẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfi bí egbò kan ṣe yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀, tó fẹ̀, tó jinlẹ̀, tó kọ ewé, tó kọ abẹ́rẹ́. Ọdún ń yí, egbò ń bẹ níbẹ̀. Báyìí, kí ó tó dìde lórí àpótí, bọ́ọ̀sì ti lọ, èéfín ló kù fún un. Kì í sọ̀kún. Á kàn fi ọwọ́ tẹ́ gààrí ẹ̀ kó dọ́gba, bíi pé ẹnì kan ti bù ú.

Dókítà Isabelle tó ni iṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò náà ń ṣe oògùn kan, ìpara fún irú egbò bẹ́ẹ̀ gan-an. Ara ehoro ló ti ń dán an wò. Ó ti sọ fún Sùlè, tó máa ń fi alùpùpù gbé e, pé, "Tó bá yege níbí, ilé ìwòsàn á gbà á fún èèyàn. Mo ti sọ̀rọ̀ ìyá ẹ fún wọn. Ó máa wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè." Láti ọjọ́ náà ni Sùlè ti ń wo ehoro bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run. Nígbà tí Alága ní ilé àyẹ̀wò làwọn ń lọ, inú ẹ̀ dùn: á máa rí àwọn ehoro náà lójoojúmọ́, á sì tún jẹun.

Ọjọ́ àbẹ̀wò àkọ́kọ́ wá pé. Fèrè ṣíwájú, àga tẹ̀ lé e, Séraphin gbé agbòòrùn, Alága wà láàárín bí ère tí wọ́n ń gbé yí ìlú ká. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹranko, wọ́n bá Justine tó ń tọ́jú wọn. Bàtà rẹ̀ wà níta, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn nínú ilé, kó má baà dún. Dókítà Isabelle jáde sí wọn, ó kí Alága tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Alága. Ẹ jọ̀ọ́, òfin ní kí ẹ wọlé ní ẹ̀yin nìkan. Kí ẹ jókòó, kí ẹ dákẹ́, títí àwọn ẹranko á fi gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀, tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe nígbà yẹn lẹ máa wò."

"Gbàgbé ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, Alága."

Alága rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé pa àlọ́ fún. "Dókítà, àṣìkọ nìyẹn. Ẹni tó kọ òfin yẹn ò tíì rí mi rí ni."

"Pẹ̀lúpẹ̀lù!" ni Séraphin wí.

Ó bá wọlé pẹ̀lú gbogbo èrò rẹ̀. Sùlè fun fèrè nínú ilé yẹn, ògiri mì. Alága na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ehoro! Ẹ̀yin òkété! Ẹ̀yin ọmọ abẹ́ òjìji mi! Kí n tó dé, ta ló mọ̀ yín? Inú òkùnkùn lẹ wà, koríko lẹ̀ ń jẹ!" Koríko náà ni wọ́n ṣì ń jẹ títí di òní, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. "Mo dé, ilẹ̀ mọ́! Láti òní lọ, ehoro tó bá ní ẹjọ́, kó gbé e tọ̀ mí wá!"

Ibi tó dé nìyí nígbà tó wo inú àwọn àgò náà. Gbogbo ehoro pátá ti tẹ́ sílẹ̀ pẹlẹbẹ. Wọ́n da etí dé ẹ̀yìn, wọ́n fi àgbọ̀n kanlẹ̀, ojú wọn ràn kalẹ̀, ìkankan ò mira.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ká ní ìlú ibòmíì lèyí ti ṣẹlẹ̀, ìlú tí wọ́n ti ń bọra wọn lọ́wọ́ nìkan, bóyá Alága ì bá ti béèrè pé, kí ló ṣe àwọn ẹranko yìí? Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni. Ibi tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì ti ń dúró láti ọjọ́ tó ti dé fìlà pé kí ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ fóun gbalaja. Èèyàn kankan ò tíì ṣe é.

Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. "Séraphin. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Ọlọ́lá. Kí ni mo rí?"

"Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀."

Omi dé sí i lójú. Ó yọ aṣọ ìnujú, ó fi nu ojú. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dìde." Wọn ò dìde. Ó ní, "Ẹ wá wo ẹ̀kọ́ ilé!"

Òkété kan ṣoṣo ló bà á nínú jẹ́. Ìyẹn ò tẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ló kọ sí i, ó na ìrù sí i.

"Ta nìyí?"

"Òkété ni, Ọ̀gá," ni Justine wí.

"Mo mọ̀ pé òkété ni! Ọmọ ta ni?"

Láti ọjọ́ náà, àbẹ̀wò di ojoojúmọ́. Àṣẹ ń tẹ̀ lé àṣẹ. Àṣẹ kìíní: kí wọ́n gbé fọ́tò Alága kọ́ sínú ilé ẹranko, kó dojú kọ àgò, kí àwọn ehoro má baà gbàgbé rẹ̀ lóru. Àṣẹ kejì: kí Justine máa pe orúkọ Alága kó tó fún wọn lónjẹ. Justine ní, "Fòfó Sùlè, ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ wo nínú rẹ̀?" Sùlè ní, "Èyí tó kúrú jù. Tó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀, ilẹ̀ á ṣú." Ehoro tó bá tẹ́ pẹlẹbẹ jù ń gba kárọ́ọ̀tì Ìtẹríba lọ́wọ́ Alága fúnra rẹ̀. Kárọ́ọ̀tì yẹn á wà níwájú rẹ̀, kò ní fẹnu kàn án títí Alága á fi lọ. Alága ní ọ̀wọ̀ ló jẹ́ kó má jẹ ẹ́.

Ní ti òkété, wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀. Mo ní wọ́n pè é. Wọ́n gbé àgò ẹ̀ sórí tábìlì. Alága bi í léèrè ìdí tó fi kọ ẹ̀yìn sí ìjọba. Òkété fi ọwọ́ méjèèjì bọ́jú, ó ń fọ irùngbọ̀n.

"Kò fèsì," ni Séraphin wí.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yájú."

Wọ́n dá a lẹ́bi. Wọ́n gbé e kúrò lójú fèrèsé, wọ́n sọ ọ́ sí kọ̀rọ̀ títí ìwà rẹ̀ á fi yípadà. Ìgbìmọ̀ tí òfin ní kó má jẹ́ kí ẹranko jìyà ló ń fi ẹranko sẹ́wọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, wọ́n lè pe ẹ̀yin náà.

Àsìkò yìí ni Sùlè lọ bá Dókítà Isabelle lábẹ́ igi máńgò tó wà níbẹ̀. "Dókítà wa, oògùn ìyá mi ńkọ́?"

Dókítà ní, "Sùlè, oògùn náà dáa. Àwọn ehoro ni ò dáa mọ́. Wọn ò jẹun tó. Egbò ara wọn ò jinná, bẹ́ẹ̀ mi ò lè sọ bóyá oògùn ni ò ṣiṣẹ́ ni àbí ìpayà ni ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹran tí ẹ̀rù ń bà, ara rẹ̀ kì í gbọ́ ti ìwòsàn. Tó bá ń lọ báyìí, mo máa da gbogbo ẹ̀ nù ni, kí n tún bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀rù kẹ̀? Kì í ṣe pé wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ ni?"

"Ehoro tó bá rí àṣá lókè, báyẹn ló ń ṣe. Ó ń bẹ ilẹ̀ pé kó fi òun pa mọ́." Ó wo alùpùpù Sùlè. Kò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Ó kàn wo fèrè náà.

Sùlè gun alùpùpù ẹ̀ lọ sílé, ó rọra ń lọ. Ìgò epo kọ̀ọ̀kan tó ti gbà, àwo oúnjẹ kọ̀ọ̀kan tó ti jẹ, orí ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ ló ti ń tẹ̀ ẹ́. Òun ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ fẹ́ iná sí oko ara ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó ní fèrè òun ti bàjẹ́. Alága ra òmíràn fún un, èyí tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ọ̀fun ń dun òun. Alága ní kí Séraphin fún un ní oyin. Ó wá sọ òótọ́. Ó yọ fìlà, ó kúnlẹ̀ ti àga náà.

"Ọ̀gá mi, ẹ foríjì mí. Wọ́n ní kì í ṣe pé wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rù yín ló ń bà wọ́n."

Alága fọwọ́ kàn án léjìká bíi pàdírì. "Sùlè ọmọ mi, ẹ̀rù ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n."

"Pẹ̀lúpẹ̀lù!"

Bí Sùlè bá sì kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, àwọn onífèrè márùn-ún ń dúró lóríta tí wọ́n á gbà á kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ló bá ronú bí ọlọ́jà. Ọjà tó o bá ń bá ẹlẹ́nu ńlá ná, má wulẹ̀ sọ fún un pé kò dáa, á bá ẹ jà. Sọ fún un pé ó dáa jù láti fi pa mọ́. Á gbé e síta fúnra rẹ̀, ojú ayé á sì bá a wò ó.

Kò pẹ́ sígbà náà, ìròyìn dé láti Cotonou pé ìyá alábẹ̀wò kan, Màdámù Claudia, ń bọ̀ wá wo bí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe, wọ́n sì máa mú alága kan lára wọn ṣe alága gbogbo orílẹ̀-èdè. Alága Gédéon ò sùn mọ́. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ àsọyé, ó ń fà á ya, ó ń rán fìlà tuntun.

Sùlè ń nu alùpùpù, ó ń sọ̀rọ̀ bíi pé alùpùpù ló ń bá sọ ọ́. "Àwọn alága tó kù, wọ́n ní ìwé ni wọ́n máa fi hàn án. Ìwé! Ẹni tó ní ehoro tó ń dọ̀bálẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe?"

Alága dákẹ́. Sùlè gbọ́ iye tí nǹkan náà jẹ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni náà húkọ́. "Mo ti rò ó tipẹ́."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá. Mo kàn ń fi èyí tẹ́ ẹ ti rò kọ́ra ni."

Ọjọ́ pé. Kanọ́pì méjì, fèrè ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọlọ́jà, àwọn tó gbọ́ pé oúnjẹ á wà. Màdámù Claudia sọ̀ kalẹ̀: obìnrin kúkúrú, bàtà rírọ̀, kò wọ ìlẹ̀kẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Alága dìde.

"Màdámù! Òkè ń kí yín, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń kí yín! Wọ́n ní kí n tọ́jú ẹranko. Mo sọ ẹranko di ọmọlúàbí! Ibòmíràn, ẹ máa rí ehoro tó sanra. Ọ̀dọ̀ tèmi, ẹ máa rí ehoro tó mọ àgbà! Ẹ tẹ̀ lé mi!"

Wọ́n wọlé. Ó ṣẹ́jú sí Sùlè. Sùlè wo àwọn ehoro náà, ó sọ nínú ọkàn ẹ̀ pé, ẹ dárí jì mí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Ó fun fèrè. Ó fun èyí tó tóbi jù.

Wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ.

"Màdámù!" Ohùn Alága ń gbọ̀n fún ayọ̀. "Ẹ wá wò wọ́n!"

Màdámù Claudia bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àgò kan, ó wo òmíràn. Nígbà tó dìde, ó rọra béèrè pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"Gbogbo ìgbà! Ìkan ò yẹ̀ rí!"

"Tí ẹ bá wà níbí, ṣé wọ́n máa ń jẹun?"

"Kí wọ́n jẹun! Lójú mi! Màdámù, ṣé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ á máa jẹnu lójú bàbá ẹ̀?"

"Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà ní kọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Mo ti fìyà tó tọ́ jẹ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìyókù, ó ń sọ ọ́ fúnra ẹ̀: fọ́tò, orúkọ kí wọ́n tó jẹun, kárọ́ọ̀tì, ẹjọ́ òkété. Gbogbo ohun tí òfin ní kó má ṣẹlẹ̀ ló ń tò sílẹ̀ bí ẹni tó pàtẹ. Dókítà Isabelle ń wo ilẹ̀. Justine ti fi etí ìró bo ẹnu.

Màdámù Claudia ní, "Alága, òfin ò ní kí wọ́n bọlá fún yín. Ó ní kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Ohun tí ẹ̀ ń fi hàn mí yìí, ẹ̀rù ni." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ojú ẹ̀ẹ̀kan dá yín lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa jáde. Kí ẹ̀yin nìkan jókòó, bí òfin ṣe wí. Tí wọ́n bá gbàgbé yín, tí wọ́n sì jẹun, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. N ó dúró."

Ìjókòó lásán ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe láti má pàdánù oyè: kó jókòó, kó dákẹ́. Ọmọ ọwọ́ ń ṣe é.

Wọ́n yọ fìlà wúrà náà lórí ẹ̀, torí ó ń dán. Wọ́n gbé fọ́tò náà kúrò. Wọ́n gbé àpótí kékeré Justine fún un, torí àga ńlá ń dún. Gbogbo wa, àbí kí n sọ pé gbogbo ìlú, lọ dì mọ́ ojú fèrèsé. Sùlè wà níwájú.

Alága jókòó. Ó ká ọwọ́ mọ́ra. Oòrùn ń rọra yí lórí ilẹ̀. Ó pẹ́. Ehoro kan gbé etí kan sókè, lẹ́yìn náà ó gbé ìkejì. Imú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òmíràn na ara, ó yán. Láìpẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ: kùrù, kùrù, kùrù. Wọ́n ń jẹun! Sùlè ò tíì gbọ́ ìró yẹn rí láti ọjọ́ tó ti ń wá síbẹ̀. Ọkàn ẹ̀ pín sí méjì. Tí wọ́n bá jẹun tán báyìí, Alága á wà lórí oyè, ọ̀la á tún di fèrè. Síbẹ̀ nígbà tó wo orí ọkùnrin náà láìní fìlà, orí pípá kékeré, tó ń làágùn, àánú ẹ̀ ṣe é.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gba Alága sílẹ̀: Alága fúnra ẹ̀. Ó ku díẹ̀. Ó ku díẹ̀ gan-an.

Òkété ló bà á jẹ́. Òkété yẹn yí ojú padà ní kọ̀rọ̀, ó jáde wá sí iwájú àgò, ó fọ irùngbọ̀n, ó wo ògiri, ó wo omi, ó wo Alága bó ṣe wo ògiri, ó sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ ẹ̀. Kò kọ ẹ̀yìn sí i mọ́. Kò dojú kọ ọ́ náà. Kò kà á sí nǹkan kan ni.

A rí i tí ọrùn Alága ń wú. A rí i tí ẹnu ẹ̀ ń gbọ̀n bí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó yọ ọ́.

"Hẹ̀ẹ̀m!" ló wí. "Èmi ni Alága Gédéon."

Gbogbo ehoro tẹ́ pẹlẹbẹ.

Láti ojú fèrèsé, kí Séraphin tó ronú, ẹnu ẹ̀ ti já: "Pẹ̀lúpẹ̀lù!"

Báyìí loyè ṣe bọ́. Màdámù Claudia ò bú u. Ó bá a gbé fìlà ẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó." Ìyẹn ló dùn ún jù. Wọ́n fi Mathieu, télọ̀ kan tó máa ń sùn nígbà ìwàásù, rọ́pò ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ìyẹn wọ ilé ẹranko, ó ti ń hunrun kí ehoro tó rántí bẹ̀rù rẹ̀. Justine gbé òkété padà sójú fèrèsé. Sùlè tú fèrè ńlá, ó so kékeré mọ́ alùpùpù ẹ̀, tó bá sì ti ń sún mọ́ ilé àyẹ̀wò, ó máa ń pa ẹ́ńjìnnì, á fi ẹsẹ̀ tì í kọjá. Àwọn ehoro ń jẹun. Egbò wọn jinná. Dókítà Isabelle ò da nǹkan kan nù.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi máa fi dé ìparí, ọdún ti yí ká. Alága tẹ́lẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, ó ń lọ sí Cotonou lọ ṣàlàyé ara ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Bọ́ọ̀sì dúró ní Paouignan. Eré bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọge sáré, ṣùgbọ́n ìyá kan tó gbé igbá gààrí sórí ló ṣáájú wọn. Àpá kan ń dán lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé ojú fèrèsé.

"Gààrí rèé o, funfun, ó dùn!"

Gédéon yọ orí. Ó tún fìlà ṣe. "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

Àṣàkẹ́ wò ó dáadáa, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ loníbàárà mi ni? Igbá mélòó?"

Ọkùnrin náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó ní igbá kan. Àṣàkẹ́ wọ̀n ọ́n, ó fi ọwọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. "Ènì nìyẹn o, bàbá."

Sùlè wà lórí alùpùpù lábẹ́ igi, ó fa fìlà bojú. Ó rí bí ojú ọkùnrin náà ṣe ń wá nǹkan kiri láàárín èrò, bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Sùlè fi ìka kan fèrè kékeré náà, ó fun ún lẹ́ẹ̀kan, pín, jẹ́jẹ́.

Gédéon yíjú, ó rí i. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí gbogbo ìlú ń kí, ó ń juwọ́ títí bọ́ọ̀sì fi ṣẹ́ kọ́nà.

"Ta lò ń fun fèrè fún?" ni ìyá ẹ̀ béèrè.

Sùlè ní, "Mo fi ènì kún tiyín ni."